Búlọ́ọ̀kù mọ́kànlá, Ìyá ò rí ẹyọ kan

"Maître, níbo gan-an ni kàlẹ́ńdà tẹ́ ẹ ní ká máa wò yẹn wà?"

Ìyá kan ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan báyìí. Maître tí wọ́n pè mí yẹn, tísà ni lédè Faransé. Wọ́n ń ránṣọ nítòsí ọjà ní Kétu níbí, lórílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n dẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọ́ bá a ṣe ń ka Yorùbá àti bá a ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní Ìyá, ẹ wo apá ọ̀tún, lókè pátápátá, ẹ máa rí i. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní apá ọ̀tún ti kí ni, ṣé ti fóònù ni àbí ti ọwọ́ wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ti fóònù ni mà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan lápá ọ̀tún fóònù wọn o, àfi ibi tó ti là nígbà tó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa, tójò bá ti ṣú báyìí, kó tiẹ̀ tó rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sá lọ sínú ilé. Mo ní kí wọ́n pa fóònù kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, kàlẹ́ńdà ò dé. Mo ní ó dáa, mo máa yà ní ṣọ́ọ̀bù yín lọ́la.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bi ara wọn pé kí ló gbé ìyá aránṣọ dé orí Moodle, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí tísà fi ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́.

Àwa tá a jẹ́ ọmọ Kétu, ọmọ Sábẹ, ọmọ Àjàṣẹ́, inú ilé la ti ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé la fi kàwé. Èèyàn á gba Bac, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, á dé yunifásítì, á di ọ̀gá níbi iṣẹ́, kò ní lè kọ létà ojú ìwé kan ní Yorùbá sí ìyá ẹ̀. Bó bá dẹ̀ tiraka kọ ọ́, á kọ ọ́ bí ẹni ń kọ Faransé, "ou" síhìn-ín, "é" sọ́hùn-ún, àmì ohùn ò sí níbì kankan, ẹni tó fẹ́ kà á á máa sọ ọ́ sókè kó tó mọ ohun tó kọ. Èmi náà ti wà bẹ́ẹ̀ rí, mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo wá kọ́ ọ dáadáa ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn nírọ̀lẹ́ nínú ọgbà ilé mi, èèyàn mẹ́fà, pátákó kan, ṣọ́ọ̀kì. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà ní Kọ̀tọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í pè, wọ́n ní àwọn náà fẹ́, àwọn kan pè láti Paris torí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kọ̀tọ̀nù tó máa ń bójú tó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé ìkànnì sí, fún àwọn èèyàn ló ní kí n wá, òun á fún mi láyè lórí Moodle, kí n má san nǹkan kan, kí n ṣáà máa kí òun tí mo bá ń bọ̀ láti Kétu, kí n má gbàgbé gàrí.

Ọ̀fẹ́ ni Moodle fúnra ẹ̀, ẹni tó bá ní ibi tó máa gbé e sí lè lò ó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martin Dougiamas ló ṣe é ní Ọsirélíà, ọdún 2002 ni wọ́n gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé inú aginjù ló ti dàgbà, ibi tí iléèwé jìnnà sí, orí rédíò ló ti ń gbọ́ ohùn tísà ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni tí ìyà àìrí iléèwé ti jẹ ló ṣe iléèwé tí kò ní ògiri. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà, M yẹn, "modular" ló dúró fún, ìyẹn nǹkan téèyàn ń tò pọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, o fẹ́ ibi tí wọ́n ti máa sọ̀rọ̀, o mú ìyẹn, o fẹ́ ìdánwò, o mú ìyẹn, o ò fẹ́ kàlẹ́ńdà, o yọ ọ́.

Ibi tí wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ojú ìwé kọ́ọ̀sì lórí Moodle, àárín ni ẹ̀kọ́ wà, àwọn àpótí kéékèèké wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní bloc lédè Faransé. Èmi búlọ́ọ̀kù ni mo ń pè é, bíi ti ilé kíkọ́. Tó o bá ti tan Mode d'édition, ibi téèyàn ti ń tún ojú ìwé ṣe, lókè lápá ọ̀tún, bọ́tìnì Ajouter un bloc á yọjú, tó o bá tẹ̀ ẹ́ á to orúkọ wọn sílẹ̀ fún ẹ bí ẹni to ata sórí àtẹ, o kàn máa tọ́ka sí èyí tó o fẹ́ ni. Ẹ wá fojú inú wò ó, ẹni tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sórí pátákó láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n wá gbé irú nǹkan báyìí fún. Mo fi kàlẹ́ńdà sí i. Mo fi èyí tó ń gbé ìkéde tuntun jáde sí i. Mo fi èyí tó ń sọ àwọn tó wà lórí ìlà lọ́wọ́lọ́wọ́ sí i, mo fi èyí tó ń sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nínú kọ́ọ̀sì sí i, mo fi èyí téèyàn fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fọ́rọ́ọ̀mù sí i nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú fọ́rọ́ọ̀mù náà, méjì nínú ẹ̀ èmi ni mo kọ ọ́. Mo fi àpótí ọ̀rọ̀ kan sí i tí mo fi kí wọn káàbọ̀, òmíràn tí mo kọ òwe sí, òmíràn tí mo fi fọ́tò Àkábà Ìdéna sí, ẹnubodè Kétu àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́, torí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Paris rí ilé baba wọn. Mo tún fi mẹ́ta mìíràn kún un. Nígbà tí mo kà á, mọ́kànlá. Bí mo ṣe wò ó lórí kọ̀ǹpútà, orí mi wú. Mo rò pé bí ẹran bá ṣe pọ̀ tó lọ́bẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa dùn tó.

Ó wá di ọjọ́ Ajé, mo dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n gbé omi, a kí ara wa dáadáa, wọ́n wá fà mí ní fóònù. Mo ṣí kọ́ọ̀sì. A dúró. A tún dúró. Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ wọn, wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àwọn ti mọ̀ ọ́n lára, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ wọ́n á rán apá aṣọ kan kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Nígbà tó wá ṣí, ẹ̀kọ́ nìkan ló wà lójú fóònù. Búlọ́ọ̀kù kankan ò sí. Mo fà á lọ sókè, mo fà á wálẹ̀, mo wá rí ọfà kékeré kan létí ojú fóònù lápá ọ̀tún, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ó wà gẹ́ẹ́ lórí ibi tí fóònù yẹn ti là. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbọ́. Ó wá ṣí, gbogbo búlọ́ọ̀kù mi mọ́kànlá tò kalẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́.

Ṣé ẹ rí i, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Láti ìgbà tí Moodle 4.0 ti dé ní 2022, inú pẹpẹ kan tó ń wọlé tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n kó àwọn búlọ́ọ̀kù sí. Lórí kọ̀ǹpútà ojú gbòòrò, wọ́n lè ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, lórí fóònù àyè ò tó, wọ́n á pa á dé, wọ́n á fi ọfà sílẹ̀ fún ẹ. Ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni. Èmi ni mi ò ronú, torí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe kọ́ọ̀sì, fóònù dẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń kọ́ ọ fi ń wò ó, àfi bóyá àwọn mẹ́rin tó wà nílẹ̀ òkèèrè.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti fọ́tò. Nígbà tí mo délé tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́gà mẹ́rin ó lé ni fọ́tò Àkábà Ìdéna yẹn, bí fóònù ṣe yà á ni mo ṣe gbé e síbẹ̀, mi ò dín in kù. Tẹ́ni náà ò bá tiẹ̀ ṣí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ yẹn, kò ní kí fọ́tò má wọlé, ó wà lójú ìwé tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn pa á mọ́ ni. Ìyá ti ń fowó ara wọn ra mẹ́gà íntánẹ́ẹ̀tì láti wo Àkábà Ìdéna tí wọn ò rí, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù wọn wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tì mí gan-an. Mi ò sọ fún wọn o, àfi tí wọ́n bá kà á níbí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ búlọ́ọ̀kù nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yọ, ẹ ò ní gbà gbọ́, kì í ṣe torí fóònù rárá. Utilisateurs en ligne ni, èyí tó ń fi orúkọ ẹni tó wà lórí ìlà hàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe nǹkan kan nínú kọ́ọ̀sì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, orúkọ ẹ̀ á yọ níbẹ̀. Mo rò pé á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ló ń kàwé. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn méjì kan jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ọ̀kan wá bá èkejì lọ́jà láàárọ̀, ó ní ìwọ, kí lò ń ṣe lórí fóònù ní aago kan òru, ṣé ọkọ ẹ mọ̀. Ó fi ṣàwàdà ni o. Ẹni tó sọ ọ́ fún ò fi ṣàwàdà gbà á, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣíwọ́ kíkẹ́kọ̀ọ́. Nǹkan tó dáa lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọn ò mọ aládùúgbò wọn, tó bá dé ìlú táwa gbogbo ti mọra, ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo yọ ti fọ́rọ́ọ̀mù, mo yọ ti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, mo yọ òwe, mo yọ ìkíni káàbọ̀, mo yọ fọ́tò. Ìkéde tuntun, mo yọ òun náà, torí inú fọ́rọ́ọ̀mù ìkéde ló ti ń mú nǹkan jáde, Moodle á fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì gbogbo wọn, ta ló ń ka ímeèlì níbí? Àwọn kan nínú wọn, ọmọ wọn ló bá wọn ṣí ímeèlì yẹn, wọn ò mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ mọ́. WhatsApp ni mo fi ń kéde.

Kàlẹ́ńdà wá ńkọ́? Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ọjọ́ sáàárín. Lókè ojú ìwé kọ́ọ̀sì, apá kan wà níbẹ̀ tí kì í kúrò, òun ló máa ń ṣíwájú gbogbo ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni mo fi àpótí ọ̀rọ̀ sí, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ o, èyí tí wọ́n ń pè ní label tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà, òun máa ń wà láàárín àwọn ẹ̀kọ́ fúnra wọn, bí fóònù bá ṣe kéré tó èèyàn máa rí i. Ìlà mẹ́ta ni mo kọ síbẹ̀: ẹ̀kọ́ tá a wà, ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé, bó ṣe máa pẹ́ tó. Mo máa ń yí i padà láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó béèrè kàlẹ́ńdà mọ́.

Mo tún rí i pé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù nìkan ló yẹ kí n tún ṣe. Bí mo ṣe to ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ ò dáa. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo tò ó sí, ọ̀nà kan nìyẹn tí Moodle ní, á fi déètì sórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fúnra ẹ̀, ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Ó dà bíi pé ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ìnáwó máa ń wà, òkú máa ń kú, ọjà máa ń kún, ẹni tó bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì tó padà dé, á rí i pé déètì ti kọjá lórí ohun tí kò tíì kà, á dà bíi pé wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Mo yí i sí kókó kókó, Ẹ̀kọ́ Kìíní, Ẹ̀kọ́ Kejì, kò sí déètì lórí ẹ̀. Àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀ ò sọnù nígbà tí mo yí i, ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Mo dẹ̀ yàn án kó máa ṣí ẹ̀kọ́ kan lójú ìwé kan, dípò kó kó gbogbo méjìlá sójú kan ṣoṣo kí fóònù máa mí gúlegúle. Ìyá ní ìsinsìnyí kí àwọn tó rán apá aṣọ kan tán ó ti ṣí.

Ohùn ni mo ń náwó mẹ́gà lé báyìí, ibẹ̀ ló yẹ kó lọ. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni gbogbo ìjà. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá, ẹni tí wọn ò bá pè é fún létí, kí ló fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Níbi téèyàn ti ń kọ̀wé lórí Moodle, bọ́tìnì kan wà téèyàn fi ń gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an láì lo nǹkan mìíràn, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi sí i, tó bá ti pé á dúró. Ọ̀rẹ́ mi ní òun lè fi kún un, mo ní kó fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tó, ó ń jẹ́ kí n pa ẹnu mi mọ́. Nínú ẹ̀kọ́ kẹfà tó jẹ́ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti sọ gbogbo ìtàn ẹ̀, dé orí bí UNESCO ṣe kéde ẹ̀ lọ́dún 2001, mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó já mi lẹ́nu. Mo pín in sí mẹ́ta, ó wá dáa ju èyí tí mo ní lọ́kàn lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní àwọn tó ń kàwé lédè méjì, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn ọmọ Paris yẹn, Faransé ni wọ́n fi ń wo Moodle, àkọlé Yorùbá nìkan lè dẹ́rù bà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní multilang, o máa kọ ọ̀rọ̀ náà ní Faransé, o kọ ọ́ ní Yorùbá, o fi kóòdù kékeré wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti sọ èdè tó jẹ́, kálukú á máa rí tiẹ̀. Mo ṣe é, mo yọ̀, mo fi sórí àkọlé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ kejì gbogbo àkọlé mi ń jẹ́ "Leçon 1Ẹ̀kọ́ Kìíní", wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí eégún méjì tó wọ ẹ̀kú kan. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń bójú tó sáfà gbọ́dọ̀ tan multilang, kó dẹ̀ sọ fún un pé kó ṣiṣẹ́ lórí àkọlé náà, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ nìkan. Ọ̀rẹ́ mi ṣe é, ó bọ́ sípò. Mo jẹ ẹ́ ní gàrí sí i.

Búlọ́ọ̀kù méjì ló kù.

Ọ̀kan, èmi ni mo fi sílẹ̀ fún, èyí tó ń fi ìlà aláwọ̀ hàn bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn nínú kọ́ọ̀sì, Completion Progress ni orúkọ ẹ̀, kì í bá Moodle wá fúnra ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ fi kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ìlà tiẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n tísà ní bọ́tìnì kan tó fi máa rí ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wò ó. Ẹni tí mo bá rí i pé ìlà ẹ̀ ti dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní kọ ímeèlì sí i, mo máa pè é. Ó lè jẹ́ pé ara ò yá ni. Ó lè jẹ́ pé fóònù bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n kan ní òun ti parí gbogbo ẹ̀ ní tòun, òun kàn ń kọ ọ́ sínú ìwé ni, òun ò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kan.

Èkejì ni ti lẹ́tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà lè má mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ Yorùbá lọ́dọ̀ wa níbí yàtọ̀ díẹ̀. Ìjọba Benin ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè ilẹ̀ yìí lọ́dún 1975, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1990, nínú ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, ɛ la máa kọ, ọ tiyín, ɔ ni tiwa, ṣ tiyín, sh ni tiwa, p tiyín, kp ni tiwa. Nítorí náà Àjàṣẹ́ di Àjàshɛ́, pẹ̀lẹ́ di kpɛ̀lɛ́. Èmi ń fi ti Nàìjíríà kọ èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín wà, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì, torí Bíbélì tó wà nílé wọn láti Nàìjíríà ló ti wá, ìwé mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà tí wọ́n pín nígboro jẹ́ ti ibí. Mo wá ṣe tábìlì kan sínú búlọ́ọ̀kù, apá òsì tiyín, apá ọ̀tún tiwa, mo sọ fún un kó máa yọ ní gbogbo ojú ìwé kọ́ọ̀sì kì í ṣe ojú àkọ́kọ́ nìkan, mo fún un ní ìwọ̀n -10 kó lè máa wà lókè pátápátá. Bí ìwọ̀n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, èyí tó fúyẹ́ jù ló ń léfòó. Eléyìí gan-an ni iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù lójú tèmi, nǹkan téèyàn máa ń yọjú wò fìrí níbi yòówù tó bá wà, bí ìyàwó ilé ṣe ń yọjú wo ìkòkò.

Ìṣòro méjì ni mo bá pàdé lórí ẹ̀. Àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n wọ ìdánwò, tábìlì pòórá, wọ́n pè mí bí ẹni pé olè jà wọ́n. Moodle máa ń kó búlọ́ọ̀kù pamọ́ nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, àfi tó o bá lọ sínú ètò ìdánwò náà tó o ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Mo fi sílẹ̀. Ìdánwò mi kì í ṣe ti ọlọ́pàá.

Ìkejì ni ẹ̀bi tèmi pátápátá. Alẹ́ méjì ni mo fi tẹ tábìlì yẹn, torí kíbọ́ọ̀dù mi ò ní ɛ tó ní àmì ohùn lórí, ẹyọ ẹyọ ni mo ń kó wọn láti ibòmíràn wá. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ fi í pamọ́ díẹ̀ kí n lè wo bí ojú ìwé ṣe rí láìsí i. Ibi téèyàn ti ń pa á mọ́ àti ibi téèyàn ti ń pa á rẹ́, wọ́n jọ wà nínú àkójọ kan náà ni, ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Ó lọ. Ibi ìdalẹ̀nù kan wà lórí Moodle téèyàn ti lè mú iṣẹ́ tó parẹ́ padà, mo sáré lọ síbẹ̀, iṣẹ́ àti ìwé nìkan ló ń tọ́jú, kì í tọ́jú búlọ́ọ̀kù. Mo jókòó, mo wo ojú ògiri. Mo tún un tẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, pẹ̀lú ìbínú, iná ń lọ iná ń bọ̀. Ní báyìí mo ní ẹ̀dà ẹ̀ sínú fóònù, oṣooṣù ni mo dẹ̀ ń ṣe bákọ́ọ̀pù gbogbo kọ́ọ̀sì, òun máa ń kó búlọ́ọ̀kù mọ́ra tó o bá ti fi àmì sí i pé kó kó o.

Ọmọ mi ọkùnrin ní fóònù àtijọ́ kan tó ti pa tì, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, òun ni mo fi ń wo kọ́ọ̀sì báyìí kí n tó pè é ní ó parí. Mo forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ tó jẹ́ èmi náà ni, mo máa ń wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, mo ra mẹ́gà fún un bíi tiwọn, tí mẹ́gà bá tán kí n tó parí ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀kọ́ yẹn ò tíì ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Moodle máa ń jẹ́ kí tísà yí ara ẹ̀ padà di akẹ́kọ̀ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó dáa fún àwọn nǹkan kan, kò lè fi fóònù tó là hàn ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá Ìyá tún pè mí. Wọ́n ní "Maître, mo ti rí apá ọ̀tún o!" Mo ní báwo. Wọ́n ní ọmọ wọn ló bá wọn pààrọ̀ ojú fóònù, ibi tó là ti kúrò, bí wọ́n ṣe ń nù ún ni ọwọ́ wọn kan ọfà kan, nǹkan sì ṣí. Inú mi dùn, mo ní Ìyá ẹ kú oríire, tábìlì lẹ́tà tí mo ṣe fún yín nìyẹn, ẹ máa wò ó.

Wọ́n ní àwọn ti wò ó. Wọ́n ní níbi tó yẹ kí kp wà lápá ọ̀tún, p ni mo kọ síbẹ̀.